Ìpolówó Ọjà Nínú Géèmù àti Ọ̀wọ́n Iṣẹ́ Géèmù Ṣíṣe: Àyẹ̀wò Lámèyítọ́

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò ìpolówó ọjà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń fi sínú géèmù orí ẹ̀rọ, àti àwíjàre tí wọ́n sábà máa ń ṣe fún un, pé owó tí géèmù ṣíṣe ń ná àwọn ti pọ̀ jù. A yan géèmù mẹ́rin tó jáde láàrin ọdún 2010 sí 2020, a sì fi ojú bí olórin àti oníkiri-ọjà Yorùbá ṣe ń polówó wò wọ́n. Ohun tí a rí ni pé kì í ṣe gbogbo ìpolówó ló ń ba iṣẹ́ ọnà jẹ́. Èyí tí ó bá dá eré dúró ni ó ń bà á jẹ́. A tún rí i pé ní Nàìjíríà, níbi tí ẹni tó ń gbá géèmù ti ń fi dátà tí ó fi owó ara rẹ̀ rà wo ìpolówó, kò tọ̀nà láti pe géèmù bẹ́ẹ̀ ní ọ̀fẹ́.

Kókó ọ̀rọ̀: géèmù, ìpolówó ọjà, oríkì, lámèyítọ́, dátà

Ìfáàrà

Nígbà ìsinmi Àjíǹde ọdún 2025, ọmọ àbúrò mi obìnrin wá lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ wa. Ọmọ náà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá. Ó tọrọ fóònù mi, ó fa géèmù ọ̀fẹ́ kan sórí rẹ̀, ó sì jókòó tì í. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, dátà tí mo máa ń lò fún odindi oṣù kan ti tán. Mo wá fa àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ kí n lè rí ohun tí ó ń ṣe. Ìgbàkígbà tí ó bá parí ìpele kan, kí ó tó bọ́ sí òmíràn, fídíò kan á gba gbogbo ojú fóònù náà. Àkọ́kọ́ ń pè é kó wá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Èkejì ní òun yóò yá a lówó láìbéèrè onídùúró. Ẹ̀kẹta ń polówó géèmù mìíràn. Ọmọ náà kàn gbé fóònù sílẹ̀, ó ń wo àjà. Nígbà tí mo béèrè ohun tó dé, ó ní: "Ẹ fi í sílẹ̀, Dádì Òkè-Ọya, ó máa parí fúnra rẹ̀."

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní lítíréṣọ̀ Yorùbá. N kò mọ géèmù gbá, n kò sì ní purọ́ pé mo mọ̀ ọ́n. Àwọn géèmù ńlá tí mo mẹ́nu bà nínú iṣẹ́ yìí, ọmọ mi ọkùnrin tó wà ní yunifásítì ló gbá èyí tó pọ̀ nínú wọn lójú mi lórí ẹ̀rọ PlayStation 4 àlòkù rẹ̀ àti lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká, èmi ń wò, mo ń béèrè ọ̀rọ̀, ó sì ń dá mi lóhùn títí tí ó fi ní ó rẹ òun. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan lè ní kí ni ó kan ẹ̀ka èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ géèmù. Ìdáhùn mi ni pé géèmù ní ìtàn, ó ní ẹ̀dá-ìtàn, ó ní ibùdó ìtàn, ó sì ní ohùn. Ohun tó bá ti ní ìwọ̀nyí, lámèyítọ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti wò ó. Àwọn ọmọ tí a ó máa kọ́ ní ìwé ìtàn àròsọ lọ́la, inú géèmù ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọ́kọ́ ń pàdé ìtàn báyìí.

Ìlànà ìfojú-ìbára-ẹni-gbépọ̀-wo-lítíréṣọ̀ ni iṣẹ́ yìí tẹ̀lé. N kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, nítorí pé ó ti fara hàn nínú ìwé àpérò wa yìí lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó wù mí ni kí n tètè dé ìdí iṣẹ́ ọnà fúnra rẹ̀.

Bí ìpolówó ṣe wọ inú géèmù

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1978, Scott Adams ará Amẹ́ríkà fi ìpolówó géèmù rẹ̀ tí ń bọ̀ lọ́nà sínú èyí tí ó kọ́kọ́ ṣe, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Adventureland. Ọjà ara rẹ̀ ni ó polówó, kò sì sí ẹni tí yóò bínú sí oníṣòwò tó ń polówó ọjà ara rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Ní ọdún 1992, géèmù Zool tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé àmì súùtì Chupa Chups káàkiri ìpele àkọ́kọ́ rẹ̀. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n ṣe Cool Spot, níbi tí àmì pupa ara ìgò 7 Up ti di akọni fúnra rẹ̀, tí ó ní ẹsẹ̀, tó ń sáré, tó ń fò.

Nígbà yẹn, ohun tí wọ́n bá ti tẹ̀ sínú géèmù, ibẹ̀ ni yóò wà títí láé. Íntánẹ́ẹ̀tì ló yí i padà. Ó di pé ilé-iṣẹ́ kan lè jókòó sí Amẹ́ríkà kó máa pààrọ̀ àwòrán tó wà lára pátákó inú géèmù tó ti wà nílé oníbàárà, bí ẹni pààrọ̀ ìwé ìléwọ́ lára ògiri. Microsoft ra irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kan, Massive, ní ọdún 2006. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2008, àwọn tó ń polongo ìbò fún Barack Obama fi àwòrán rẹ̀ sára pátákó ẹ̀bá ọ̀nà nínú géèmù eré ìje ọkọ̀ Burnout Paradise, ní ìpínlẹ̀ mẹ́wàá tí ìdìje ti le. Ẹni tó ń sáré kọjá nínú géèmù á rí i gẹ́gẹ́ bí awakọ̀ ṣe ń rí pátákó ní títì márosẹ̀. Kò dá ọkọ̀ ẹnikẹ́ni dúró. Microsoft ti Massive pa ní ọdún 2010, ṣùgbọ́n ìmọ̀ náà kò kú.

Olórin, oníkiri-ọjà, àti ẹni tí wọ́n ń polówó fún

Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwa náà ṣe ń ṣe é. Níbi ìnáwó, olórin jùjú tàbí fújì wà lórí ìjókòó rẹ̀, orin ń lọ, ìlù ń dún. Olówó kan wọlé. Olórin kò ní dá orin dúró. Yóò fi orúkọ ọkùnrin náà há àárín orin ní ibi tí ohùn orin ti gbà á, onígángan á gba orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀, á fi ìlù tún un sọ, àwọn tó ń jó kò ní ṣíwọ́ ijó. Olówó á dìde, á ná owó fún un. Gbogbo wa la mọ̀ pé owó ni wọ́n fi ń pe orúkọ náà. Síbẹ̀ a kì í pè é ní ìjánijẹ, nítorí pé olórin ṣiṣẹ́ kí orúkọ náà tó lè jókòó sínú orin. Kò rọrùn. Orúkọ tí ohùn rẹ̀ kò bá ti orin mu, olórin gbọ́dọ̀ wá oríkì ẹni náà, tàbí orúkọ bàbá rẹ̀, tàbí ìlú rẹ̀, títí yóò fi rí èyí tí yóò wọlé. Nínú àwo orin, àwọn olórin wa ti ki oníbíà, wọ́n ti ki báǹkì, wọ́n ti ki oníṣòwò ọkọ̀. Èyí tí wọ́n kì dáadáa ń dùn ún gbọ́ títí dòní, nígbà tí oníṣòwò náà fúnra rẹ̀ ti di ẹni àná.

Oníkiri-ọjà náà ní ti rẹ̀. Ohùn rẹ̀ gùn, ó ní ìlọsókè-sódò tí a fi ń dá a mọ̀ kí a tó rí i, ó sì máa ń yin ọjà rẹ̀ kọjá bó ti rí. Ṣùgbọ́n ó ń kọjá lọ ni. Ẹni tó bá fẹ́ rà á pè é, ẹni tí kò fẹ́ á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Kò sí ẹlẹ́kọ tí ń di ènìyàn mú lọ́rùn ọwọ́ pé kó gbọ́ ìpolówó òun tán kó tó lè wọ ilé ara rẹ̀.

Ìwọ̀n méjèèjì yìí ni mo fẹ́ fi wọn àwọn géèmù náà. Ǹjẹ́ ìpolówó náà jókòó sínú orin? Ǹjẹ́ ẹni tí kò fẹ́ ra ọjà lè máa bá tirẹ̀ lọ?

Alan Wake àti bátìrì

Alan Wake jẹ́ iṣẹ́ Remedy, ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Finland. Ó jáde ní ọdún 2010. Òǹkọ̀wé ni akọni rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sọnù ní ìlú kékeré kan, òkùnkùn fúnra rẹ̀ sì ni ọ̀tá tó ń bá a jà. Tọ́ọ̀ṣì ni ohun ìjà rẹ̀ àkọ́kọ́, bátìrì sì ni ẹ̀mí tọ́ọ̀ṣì. Bátìrì tí ó ń ṣà nílẹ̀ káàkiri, Energizer ni.

Èyí ni ìpolówó tó sún mọ́ oríkì jù lọ nínú èyí tí mo rí. Ibi tí ìtàn ti nílò ohun náà gan-an ni wọ́n fi í sí. Nínú ìtàn tí ìmọ́lẹ̀ ti jẹ́ ìyè, ẹni tó rí bátìrì nílẹ̀ rí ìgbàlà. Kò sí oníbátìrì tó lè rí oríkì tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn kò dúró, ẹ̀rù kò sì kúrò lára. Ọmọ mi ní òun kò tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára bátìrì náà nígbà tí òun kọ́kọ́ gbá a, nítorí pé òkùnkùn ń bọ̀ lẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n tún géèmù náà ṣe ní ọdún 2021, wọ́n yọ orúkọ Energizer kúrò. Bátìrì ṣì wà, kò ní orúkọ mọ́. Mo bi ọmọ mi bóyá ohunkóhun sọnù. Ó rò ó díẹ̀, ó ní rárá. Níhìn-ín ni àfiwé mi pẹ̀lú olórin kò ti bára mu tán, mo sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bí a bá yọ orúkọ ẹni tí wọ́n kì kúrò nínú orin kan, orin náà á já. Orúkọ Energizer kò já nǹkan kan. Ó jókòó dáadáa nínú iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n àlejò ni.

Oúnjẹ inú ife

Final Fantasy XV, iṣẹ́ Square Enix ti ilẹ̀ Japan, jáde ní ọdún 2016. Ọdún 2006 ni wọ́n ti kọ́kọ́ kéde rẹ̀, orúkọ mìíràn ni wọ́n sì fi kéde rẹ̀. Ọdún mẹ́wàá láàrin ìkéde àti ìjáde! Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí tí géèmù fi ń wọ́n, kó ro iye owó-oṣù tó wà nínú ọdún mẹ́wàá.

Ìtàn ọmọ ọba kan àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́ta ni. Ọ̀tá gba ìlú bàbá rẹ̀, wọ́n pa ọba. Láàrin ọ̀fọ̀ yìí, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀rẹ́ náà, Gladiolus, ẹni tó le bí òkúta, yà sí ẹ̀gbẹ́ kan láti yin Cup Noodles ti ilé-iṣẹ́ Nissin, oúnjẹ inú ife tí a ń da omi gbóná sí, irú èyí tí gbogbo wa ń pè ní indómì. Ó yìn ín, ó tún yìn ín, ó sì rán ọmọ ọba níṣẹ́ kó lọ wá èròjà tí yóò mú un dùn sí i. Ohùn rẹ̀ kì í ṣe ohùn Gladiolus mọ́. Ohùn rédíò ni.

Àwọn tó gbá a rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi rẹ́rìn-ín títí tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Mo rí àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rín yẹn fi hàn pé ìpolówó náà ṣe àṣeyọrí, nítorí pé gbogbo ènìyàn rántí rẹ̀. Ìyẹn jẹ́ àṣeyọrí fún ẹni tó ń ta oúnjẹ. Fún ẹni tó ń sọ ìtàn ọba tí wọ́n pa, ẹ̀rín ní ibi tí kò pète ẹ̀rín jẹ́ àbùkù. Àmọ́ ẹni tí kò bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ oúnjẹ náà lè fò ó kọjá. Nítorí náà ó kùnà nínú ìwọ̀n àkọ́kọ́, ó yege nínú èkejì.

Ìpolówó tó dá ìlù dúró

UFC 4, géèmù ìjà tí EA ṣe, jáde ní àárín oṣù kẹjọ ọdún 2020. Ẹni tó bá rà á san bíi $60. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án, ìpolówó eré orí tẹlifíṣọ̀n kan, The Boys, bẹ̀rẹ̀ sí í gba gbogbo ojú ẹ̀rọ níbi tí géèmù ti fẹ́ ṣe àtúnwò ẹ̀ṣẹ́.

Ẹni tó bá ń wo ìjà mọ ohun tí àtúnwò jẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ ti bà, ọkùnrin ti ṣubú, ariwo ti sọ. Ojú kò tíì rí i tán, nítorí ó yára jù. Àtúnwò ló ń fún ojú ní ohun tó pàdánù. Bí ẹ bá fẹ́ kí n sọ ọ́ ní èdè iṣẹ́ wa, ibẹ̀ ni ògógóró ìtàn náà. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n fi ìpolówó sí. Ó dà bí ìgbà tí onílù gbé iṣẹ́ dé òkè, tí ìyàwó ń jó bọ̀, tí ẹnì kan wá gba gbohùngbohùn láti sọ iye tí wọ́n ń ta ọṣẹ. Àwọn tó ra géèmù náà pariwo, EA sì yọ ìpolówó náà, wọ́n tọrọ àforíjì.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó kan àwa lámèyítọ́ ju ìbínú àwọn òǹrajà lọ. Nígbà tí àwọn tó ń kọ àbọ̀ lórí géèmù gbá a ní oṣù kẹjọ, ìpolówó náà kò tíì sí nínú rẹ̀. Wọ́n kọ àbọ̀ wọn, àwọn ènìyàn kà á, wọ́n lọ rà á, lẹ́yìn náà ni ohun tí wọ́n rà wá yí padà nínú ilé wọn. Ẹ fojú inú wo kí n kọ àyẹ̀wò ìwé ìtàn àròsọ kan fún ìwé àtìgbàdégbà, kí àwọn tó tẹ ìwé náà sì wọ inú yàrá òǹkàwé lóru, kí wọ́n lẹ ojú ewé mìíràn mọ́ orí keje. Irú iṣẹ́ wo ni mo yẹ̀ wò nígbà náà?

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan náà, NBA 2K21 ṣe irú rẹ̀. Ìpolówó tí kò ṣe é fò kọjá ń jáde kí ìdíje bọ́ọ̀lù agbọ̀n tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ni ín ní kì í ṣe ibi tí àwọn fẹ́ kó ti jáde nìyẹn, àti pé àwọn yóò tún un ṣe. N kò rí ìdí láti pè wọ́n ní òpùrọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ṣi ibi tí ó fi nǹkan sí kò sọ pé òun kò ní fi í síbì kankan.

Ǹjẹ́ òótọ́ ni pé owó ló ń lé wọn?

Ó tọ́ kí a gbọ́ tẹnu àwọn ilé-iṣẹ́. Owó géèmù ńlá ti ga gan-an. A kì bá má mọ̀ ọ́n dáadáa bí kì í bá ṣe ẹjọ́ kan ní San Francisco ní oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àjọ FTC ti Amẹ́ríkà fẹ́ dá Microsoft lọ́wọ́ kọ́ láti ra Activision. Wọ́n mú ìwé Sony wá sí ilé-ẹjọ́, wọ́n sì fi yíǹkì dúdú pa ohun àṣírí rẹ́. Yíǹkì náà kò dúdú tó. A kà á lábẹ́ rẹ̀ pé The Last of Us Part II ná wọn ní $220 mílíọ̀nù, Horizon Forbidden West ná wọn ní $212 mílíọ̀nù. Ní oṣù kejìlá ọdún náà, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì jí ìwé ilé-iṣẹ́ Insomniac, ayé sì rí i pé Spider-Man 2 gba nǹkan bíi $300 mílíọ̀nù.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò díẹ̀. Géèmù tí wọ́n ń ta ní $70, bí ilé-ìtajà bá yọ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún, bó ti máa ń rí, $49 ló kù. Géèmù tó gba $200 mílíọ̀nù gbọ́dọ̀ ta ju ẹ̀dà mílíọ̀nù mẹ́rin lọ kí owó iṣẹ́ nìkan tó padà wọlé, a kò tíì ka owó tí wọ́n fi polówó géèmù náà. Iye tí wọ́n ń tà á kò sì bá ọjà rìn: $60 ni ó wà láti nǹkan bí ọdún 2005 títí di 2020. Bí $60 ọdún 2005 bá tẹ̀ lé ọ̀wọ́n ọjà Amẹ́ríkà, ó yẹ kó ti lé ní $90 báyìí. $70 ni ọ̀pọ̀ wọn ń tà á. Nígbà tí Nintendo gbé Mario Kart World jáde ní $80 ní oṣù kẹfà ọdún 2025, igbe ta. Ẹni tó bá tún kùnà, ìkùnà rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Sony gbé Concord jáde ní ọjọ́ 23 oṣù kẹjọ ọdún 2024, wọ́n pa á ní ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án, kí ọdún náà tó parí wọ́n ti ti ilé-iṣẹ́ tó ṣe é pa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún náà, Microsoft dá 1,900 òṣìṣẹ́ ẹ̀ka géèmù rẹ̀ dúró, Sony dá bíi 900. Ẹni tó bá rí ìyẹn kò ní sọ pé àròyé lásán ni.

Síbẹ̀, n kò gba àwíjàre náà tán. Ta ló ní kí géèmù gba $200 mílíọ̀nù? Nínú Red Dead Redemption 2, wọ́n fara balẹ̀ débi pé ẹ̀yà ara kan lára akọ ẹṣin máa ń sún kì bí òtútù bá mú. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n dárúkọ ẹ̀yà ara náà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹnì kan gba owó-oṣù láti ṣe é. Ní ìdàkejì, Eric Barone nìkan ló ṣe Stardew Valley, ó lo ọdún tó lé ní mẹ́rin, ó gbé e jáde ní 2016 ní iye tí kò tó $15, ó ti tà ju 30 mílíọ̀nù lọ, kò sì sí ìpolówó kankan nínú rẹ̀. N kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn dá nìkan ṣiṣẹ́. Ohun tí mo ń sọ ni pé ọ̀wọ́n náà jẹ́ ohun tí wọ́n yàn, ẹni tó bá sì fúnra rẹ̀ yàn láti kọ́ ilé alájà mẹ́wàá kò yẹ kó máa ta ojú àlejò rẹ̀ fún oníṣòwò nítorí pé sìmẹ́ǹtì wọ́n.

Ẹ tún wo ibi tí ìpolówó náà wọ̀. Kì í ṣe inú géèmù tó ń tiraka láti padà rí owó ni ó kọ́kọ́ wọ̀ ní ọdún 2020. Inú géèmù eré ìdárayá ni, irú èyí tí ìran tuntun rẹ̀ ń jáde lóòrèkóòrè, tí èyí tó pọ̀ nínú wọn tún ń ta owó ìdáná àti páálí káàdì fún òǹrajà nínú géèmù lẹ́yìn tó ti rà á. Ní ti EA, irú títà inú géèmù bẹ́ẹ̀ ti ju ìdajì owó tó ń wọlé fún wọn lọ. Nígbà tí Andrew Wilson, olórí EA, sọ fún àwọn onípìn-ín-ìdókòwò ní oṣù karùn-ún ọdún 2024 pé àwọn ti ní ikọ̀ tó ń wo bí ìpolówó yóò ṣe wọ inú géèmù àwọn tìṣọ́ratìṣọ́ra, àwọn onípìn-ín ni ó ń bá sọ̀rọ̀. Ẹni tí ebi ń pa ń bá alágbàṣe sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń wá èrè ń bá onípìn-ín sọ̀rọ̀.

Ní ọ̀dọ̀ tiwa

Gbogbo èyí tí mo ti ń sọ kan géèmù tí wọ́n ń tà ní $60 àti $70. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbá irú wọn pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó ń gbá géèmù ọ̀fẹ́ lórí fóònù ló pọ̀ jù. Ní ọ̀dọ̀ wọn ni ọ̀rọ̀ náà ti yí padà.

Ní London tàbí Houston, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń san owó íntánẹ́ẹ̀tì ilé lóṣooṣù, fídíò ìpolówó kan kò fi kún un. Ní ọ̀dọ̀ wa, a ń ra dátà ní gígábáìtì kọ̀ọ̀kan ni, bí ẹni ra epo pupa ní ìgò. Ní oṣù kìíní ọdún 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ fi tó ìdá àádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún kún owó wọn. Gbogbo fídíò tí ọmọ àbúrò mi kò wò, tí ó gbé sílẹ̀ tí ó ń wo àjà, owó mi ni ó fi wọlé. Oníṣòwò san owó fún ẹni tó ni géèmù kí wọ́n lè polówó fún mi. Èmi náà san owó kí ìpolówó náà tó lè dé ọ̀dọ̀ mi. Oníkiri-ọjà wo ló ti gba owó ọkọ̀ rí lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri fún?

Géèmù náà fún wa ní ọ̀nà àbáyọ kan. Bí a bá san dọ́là díẹ̀, ìpolówó á dúró. Mo fẹ́ san án. Káàdì mi kò kọjá, nítorí pé nígbà náà ọ̀pọ̀ báǹkì ti dá káàdì náírà dúró kúrò lórí ìnáwó òkè òkun. Níbi yìí ni àwọn tó ń gbèjà ìpolówó inú géèmù kì í dé. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó ń gbá géèmù ló yàn án, pé ó lè fi owó san án tàbí kí ó fi àkókò rẹ̀ san án. Yíyàn tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kan kò ṣí kì í ṣe yíyàn.

Ọ̀rọ̀ tẹ́tẹ́ àti ẹ̀yáwó tí wọ́n ń bá ọmọdé sọ tún wà níbẹ̀. Òfin ARCON ti ọdún 2022 sọ pé kí ìpolówó kankan tó dé ọjà Nàìjíríà, ìgbìmọ̀ kan gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022, àjọ náà gbé Meta lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ti ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá, ó ń béèrè ₦30 bílíọ̀nù nítorí ìpolówó tí wọn kò mú wá fún àyẹ̀wò. Òfin wà, ìgboyà náà sì wà. Ṣùgbọ́n ìpolówó orí Facebook ní ẹni tí a lè pè lẹ́jọ́. Èyí tó wọ inú géèmù ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ẹ̀rọ ló yàn án ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹni tó ṣe géèmù náà fúnra rẹ̀ kò mọ èyí tí yóò jáde. Ìgbìmọ̀ wo ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò, nígbà wo?

N kò sọ pé kí a fòfin de ìpolówó inú géèmù. Àwọn ọ̀dọ́ wa náà ń ṣe géèmù. Maliyo Games ti wà ní Èkó láti ọdún 2012. Àwọn ni wọ́n ṣe Iwájú: Rising Chef tó bá eré Disney jáde ní ọdún 2024. Títí di ọdún 2025, ọ̀pọ̀ òǹrajà tí wọ́n ní nílé kò lè fi káàdì náírà san dọ́là, àwọn tó lè san náírà kò sì pọ̀. Bí ẹ bá gba ìpolówó lọ́wọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, kí ni wọn yóò fi san owó iná?

Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n rò ni ibi tí wọn yóò fi í sí. Géèmù tí ibùdó ìtàn rẹ̀ bá jẹ́ Òṣódì, tí kò ní pátákó, tí kò ní ìkọ̀wé lára dáńfó, tí kò ní ẹni tó ń fi gbohùngbohùn polówó oògùn kòkòrò, irọ́ ni ibùdó náà ń pa. Níbẹ̀, ìpolówó kì í ṣe àlejò, ara ìlú ni. Aránṣọ lè san owó kí orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lára ògiri kan tí akọni gbọ́dọ̀ kọjá. Oníkiri inú géèmù lè polówó ọjà tó wà lóòótọ́, ní ohùn oníkiri gidi, ní Yorùbá tó jinlẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka Yorùbá tí a ń kọ́ níhìn-ín, tí wọn kò pọ̀ nínú ọgbà wa tí Háúsá gbilẹ̀ sí, lè kọ ọ́. Ìpolówó ọjà wà nínú ohun tí a fi ń dán wọn wò ní ìdánwò. Ẹni tó bá ń gbá géèmù náà á máa sáré kọjá lọ, á gbọ́ ọ, kò sì ní dúró.

Ní ti ọmọ àbúrò mi, mo ra dátà mìíràn, ó tán ní ọjọ́ mẹ́rin. Ní àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, mo bi í pé kí ni orúkọ géèmù tó ti ń gbá láti ọ̀sẹ̀ méjì. Kò rántí. Ó sọ orúkọ ilé-iṣẹ́ tẹ́tẹ́ náà fún mi láìjanpata, ó sì fi ohùn tí wọ́n fi ń pè é pè é.